Iyanrìn Inú Páìpù Kẹrin

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí obìnrin yìí jẹ́, ẹ má wulẹ̀ wo ojú rẹ̀, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ìlẹ̀kùn méjì ni. Èkíní ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èkejì ṣí sínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, àyè tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò sì ju ibi tí ènìyàn kan ti lè yí ara padà lọ. Ẹni tó bá wọ èkíní gbọ́dọ̀ tì í pa kó tó fọwọ́ kan èkejì, torí pé ìmọ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá a wọlé. Nínú yàrá náà, ó ti fi tépù lẹ gbogbo etí fèrèsé pa, ó fi aṣọ dúdú nípọn bò ó, iná pupa kékeré kan ṣoṣo ló sì ń tàn lókè tábìlì. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Màmá Òkùnkùn ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga náà ń pè é, àlejò tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ a sì máa fi ìfura wò ó. Òun a rẹ́rìn-ín. A ní, "Ẹni tó ń ti inú òkùnkùn jẹun, kí ni kí wọ́n máa pè é, Màmá Oòrùn?"

Iyanrìn niṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe iyanrìn tí bíríkìlà ń pò pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì o, iyanrìn ojú odò tó ti gbẹ ni. Ní ilẹ̀ gbígbẹ bíi tiwọn, níbi tí òjò ti ń rọ̀ nígbà tó bá wù ú, odò kì í ní ojú kan. Lónìí á gba ibí. Bí àgbàrá ńlá kan bá dé lọ́jọ́ iwájú, á já gba ọ̀hún, á kó iyanrìn di ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́, koríko á hù lé e, ẹni tó bá sì dé ibẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún á lè fi ọmọ rẹ̀ búra pé omi kò gba ibẹ̀ kọjá rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí odò kọjá níbì kan kẹ́yìn, ọwọ́ iyanrìn ni kó ti lọ gbọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Iyanrìn tó wà nínú ilẹ̀ a máa gba agbára díẹ̀díẹ̀ lára erùpẹ̀ tó yí i ká, lọ́dọọdún, láìsinmi. Bí oòrùn bá ti kàn án báyìí, gbogbo ohun tó ti kó jọ a tú dànù, a sì tún bẹ̀rẹ̀ látorí òfo. Nítorí náà, ohun tó bá kó jọ ló ń sọ iye ọdún tó ti wà nínú òkùnkùn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà a gbẹ́ kòtò, wọn a gbá páìpù irin wọ ara ògiri kòtò, wọn a dí i lẹ́nu ní ìhà méjèèjì, wọn a fi ọ̀rá dúdú wé e, ó di ọ̀dọ̀ Màmá Òkùnkùn. Òun ni yóò gé e, tí yóò fọ̀ ọ́, tí yóò jọ̀ ọ́, tí yóò fi ásíìdì bọ́ èérí ara rẹ̀, kó tó wá tò ó sórí àwọn àwo irin wẹ́wẹ́ tí kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ, kí ẹ̀rọ lè kà á. Bí ènìyàn bá fi àìbìkítà ṣí ìlẹ̀kùn lákòókò yẹn, ẹgbẹ̀rún ọdún ti ṣòfò nìyẹn, ẹ̀bẹ̀ kò sì lè dá a padà.

Ó ní ìwé ńlá kan tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Páìpù kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀: ẹni tó ṣí i, aago tó ṣí i, iná tó wà ní títàn, ẹni tó wà nínú yàrá. Ènìyàn méjì ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú: ẹni tó ṣí i, àti ọ̀gá tó kà á lẹ́yìn náà. Ojú ìwé kan wà nínú rẹ̀ tó fi okùn pupa há, tí kì í sì fẹ́ ṣí. Ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn ni. Ọkọ rẹ̀ ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, aládùúgbò kan sì fi mọ́tò gbé ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wá pe ìyá rẹ̀. Ọmọ náà sáré gun àtẹ̀gùn ṣáájú, ó ń kan ìlẹ̀kùn. Ìyá gbọ́ ohùn rẹ̀, ó rò pé ìwà ọmọdé ni, ó ní, "Dúró díẹ̀, jẹ́ kí n bò ó." Páìpù ti ṣí, iyanrìn ti wà nínú àwo. Ó kó o, ó bò ó, ó dì í, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tó jáde. Nígbà tí wọ́n fi dé ọsibítù, ẹlẹ́mìí ti gbà á. Nọ́ọ̀sì kan ní kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ọmọ náà kò fi ẹnu sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò wọ inú ilé ẹ̀kọ́ gíga yẹn mọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi í pé iṣẹ́ kí ni ìyá rẹ̀ ń ṣe, a ní, "Ó ń ṣọ́ iyanrìn." Ọ̀rọ̀ yẹn a máa dun ìyá ju ẹgba lọ.

Ọdún kejì tí ọkọ rẹ̀ kú ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé, tinrín bí ìgbálẹ̀, báàgì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ìlẹ̀kùn méjèèjì ló ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá Òkùnkùn fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ létí. Dípò ìyẹn, ó mú un jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ: bí wọ́n ṣe ń gé ṣóńṣó páìpù méjèèjì tí oòrùn ti kàn dànù, bí wọ́n ṣe ń jọ iyanrìn láìsí pé ọ̀kan bọ́ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé ìròyìn sókè kí wọ́n tó da iyanrìn lé e, kí afẹ́fẹ́ má baà gbọ̀n ọ́n lọ. Nígbà tí onílé lé e jáde, pálọ̀ Màmá Òkùnkùn ló sùn fún oṣù mẹ́jọ. Ó jẹun níbẹ̀ fún ọdún méjì. "Ìyá mi" ló ń pè é. Òun nìkan ni obìnrin náà sọ ọ̀rọ̀ ojú ìwé olókùn pupa fún, tó sì fi omijé sọ ọ́. Ó di ẹni ńlá, ó di Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó di ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìwádìí náà, Màmá Òkùnkùn sì fa kọ́kọ́rọ́ kejì yàrá rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Níwájú àwọn ènìyàn, "ẹ" ni wọ́n ń pe ara wọn. Bó bá ku àwọn méjì, "ìwọ" ni ìyá ń pe ọmọ.

Nígbà tó ku oṣù mẹ́fà kí obìnrin náà fẹ̀yìn tì ni iṣẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ dé. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan wà lẹ́yìn ìlú, lẹ́bàá odò gbígbẹ, ó tẹ́ lọ rẹrẹ. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé fẹ́ pín in fún àwọn ènìyàn, irínwó ilé. Ìbéèrè wọn kò ju ọ̀kan lọ: ìgbà wo ni odò gba orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí kẹ́yìn? Bó bá ti pẹ́ tó ẹgbẹ̀rún ọdún, kí wọ́n máa kọ́lé lọ. Bó bá jẹ́ àná, kí wọ́n sá.

Ọmọ Màmá Òkùnkùn ti dàgbà nígbà náà, ó ti di olùkọ́ àti ìyá ọlọ́mọ méjì. Òun àti ọkọ rẹ̀ tó ń jó irin wà lára àwọn tí wọ́n pín ilẹ̀ fún. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n háyà, àwọn ọmọ ń sùn lábẹ́ tábìlì ìjẹun. Ọkọ ti ya àwòrán ilé náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, ó ti ya àga sínú rẹ̀, ó ti ya ibi tí ajá yóò máa sùn, ajá tí wọn kò ì ní.

Ọmọ béèrè pé, "Màámi, ṣé ilẹ̀ yẹn dáa?"

"Dúró kí iyanrìn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

"Iyanrìn náà ni mo mọ̀ pé ẹ máa dá lóhùn," ni ọmọ wí.

Kòtò méje ni wọ́n gbẹ́. Màmá Òkùnkùn bá wọn lọ, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbá páìpù kẹrin wọlé. Erùpẹ̀ pupa ni ògiri gbogbo kòtò yòókù, ṣùgbọ́n ti ìkẹrin ní bẹ́líìtì iyanrìn eérú kan láàárín, àwọn òkúta wẹ́wẹ́ sì sùn lé ara wọn nínú rẹ̀, gbogbo wọn dojú kọ ọ̀nà kan náà, bí omi ṣe máa ń tẹ́ wọn. Ilẹ̀ ọmọ rẹ̀ kò jìn síbẹ̀ ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Ó kà á.

Ó yí sí Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ní, "Odò ti gba ibí rí."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí iyanrìn sọ ọ́, kó má jẹ́ àwa."

Inú rẹ̀ dùn sí ìdáhùn yẹn, torí òun ló kọ́ ọ. Páìpù méjì méjì ni wọ́n gbá ní kòtò kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún iṣẹ́, ìkejì fún ìpamọ́. Òfin Màmá Òkùnkùn nìyẹn. Gbogbo ìkejì wà nínú àpótí lábẹ́ tábìlì rẹ̀, a sì máa pè wọ́n ní ìbejì, a ní ọjọ́ tí wọ́n bá pa Táyé, Kẹ́hìndé á jẹ́rìí.

Ẹ̀rọ kà wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Páìpù márùn-ún sọ ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, ọ̀kan sọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ìkẹrin sọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Àwo wẹ́wẹ́ mẹ́rìnlélógún ló tò fún un, kò sì sí èyí tó kéré ju méjìdínlọ́gọ́ta lọ, kò sí èyí tó ju mẹ́rìndínláàádọ́rin lọ. Nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ayé bàbá ènìyàn nìyẹn. Bí odò bá ti wá lójú ayé bàbá, kí ló ní kó má tún wá lójú ayé ọmọ?

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ìwé èsì náà títí. Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n wò ó dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Kò sì sọ. Ọmọ inú ara rẹ̀ wá sílé lọ́jọ́ Àìkú, ó tún bi í léèrè, ìyá sì ní, "Iyanrìn kò tíì sọ̀rọ̀." Ohun tó ń dùn ún jù títí dòní nìyẹn, pé nítorí ọmọ tó gbà tọ́, ó purọ́ fún ọmọ tó bí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọmọ rẹ̀ wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ìwé kan tó ká sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Àbájáde ìwádìí ti jáde. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ti dúró láti ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, wọ́n lè máa kọ́lé. Màmá Òkùnkùn gba ìwé náà, ó fi awò sójú, ó wá páìpù kẹrin, kò rí i nínú tábìlì èsì. Ojú ìwé kẹrìnlá ló ti bá a, ní ìsàlẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́: "A yọ páìpù kẹrin kúrò, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kàn án nínú yàrá òkùnkùn nípa àìkíyèsára òṣìṣẹ́ tó ṣí i."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣí páìpù ní yàrá yẹn. Wọn kò dárúkọ rẹ̀, wọn kò sì ní láti dá a. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ọmọ ti kà á ṣáájú. Ó rọra fọwọ́ lé èjìká ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tutù ju bó ṣe máa ń tutù lọ. "Màámi, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Kò sẹ́ni tó ń bá yín jà. Ojú ló ń dàgbà. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó."

"Ìmọ́lẹ̀ kò kàn án."

"Ẹ ti gbọ́, Màámi."

Ìyẹn náà tún gún un. Ká ní ọmọ náà bínú ni, ì bá rọrùn. Àánú ló ṣe é.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó dé Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ́fíìsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde, ó ti ìlẹ̀kùn, ó fa àga fún un, ó ṣe gbogbo ohun tí ọmọ rere ń ṣe.

Ó ní, "Ìyá, mo mọ ohun tí ẹ bá wá."

"Ìmọ́lẹ̀ kàn án?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń to ìwé orí tábìlì rẹ̀ jọ.

"Ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mẹ́rìnlélógún ni àwo yẹn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan iyanrìn, ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn? Ìmọ́lẹ̀ kì í pín nǹkan dọ́gba. Àwọn kan á di òfo, àwọn kan á ṣì máa sọ ẹgbẹ̀rún ọdún. Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá." Ó fọwọ́ nu ojú. "Ọ́fíìsì ilé gbígbé ló ṣèlérí ẹ̀rọ tuntun fún wa. Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti pín ilẹ̀. Bí mo bá kọ méjìlélọ́gọ́ta síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ dàrú. Ẹnì kan á béèrè ìdí tí mo fi yọ ọ́, mo sì ní láti rí nǹkan sọ."

"Kí ló dé tí o kò sọ pé ìwọ lo ṣí i?"

"Orúkọ mi ló wà lórí ìwé, Ìyá. Ẹ̀yin, oṣù díẹ̀ ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì. Ta ló máa bi yín? Kò lè pa yín lára."

Obìnrin náà wò ó. Ọkùnrin yìí mọ̀. Gbogbo ayé lè má mọ̀, ṣùgbọ́n òun mọ ọ̀rọ̀ ojú ìwé olókùn pupa, ó mọ ohun tí ìlẹ̀kùn yẹn gbà lọ́wọ́ obìnrin yìí. Ó wá inú gbogbo irọ́ tó wà láyé, èyí tó máa dùn ún jù ló mú. Inú bí obìnrin náà débi pé ó ṣe ohun tí òṣìṣẹ́ òkùnkùn kì í ṣe, ó sọ ibi tí nǹkan rẹ̀ wà. Ó ní, "Kò burú. Ìkejì rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí lábẹ́ tábìlì mi. A ó ṣí i."

Ọ̀jọ̀gbọ́n mi orí bí ẹni tó gbà. "Òótọ́ ni. Ẹ lọ sinmi, Ìyá. Tó bá di ọjọ́ Ajé, èmi àti ẹ̀yin á jọ ṣí i. Bó bá tún sọ bẹ́ẹ̀, màá tún ìwé náà kọ."

Ẹ ó ní kí ló dé tó gbà á gbọ́. Èmi náà bi í bẹ́ẹ̀. Ó ní ènìyàn tó bá ti gbé oúnjẹ síwájú ẹnì kan fún ọdún méjì, ọwọ́ rẹ̀ kì í tètè gbàgbé.

Lọ́jọ́ Ajé, ó tètè dé. Àpótí wà lábẹ́ tábìlì, páìpù mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé òun ni kò kà á dáadáa. Ó fọwọ́ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i lábẹ́ iná pupa. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì rí i. Páìpù náà wà lórí ìjókòó onígi, wọ́n ti fi ayùn gé e. Iyanrìn eérú yẹn wà lójú fèrèsé, oòrùn àárọ̀ ń tàn sí i gan-an, wọ́n sì tẹ́ ẹ tín-ín-rín lórí ìwé ìròyìn. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé ìròyìn náà ni wọ́n ṣẹ́ sókè, kí afẹ́fẹ́ má baà gbọ̀n ọ́n lọ.

Ohun tó rí tó fi di ògiri mú nìyẹn. Kì í ṣe iyanrìn náà, igun ìwé ni. Ọwọ́ tó kọ́ ni.

Kò sunkún. Ó padà wọlé, ó gbé ìwé ńlá rẹ̀ jáde sínú oòrùn, ó ṣí ojú ìwé tuntun. Ó ń kọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n gun àtẹ̀gùn dé, tó rí i, tó sì dúró.

"Ìyá, ó lómi lára, mo ní kó kọ́kọ́ gbẹ ni."

Obìnrin náà kọ ọ́ parí. Ó kà á sókè, bó ṣe máa ń kà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: "Páìpù kẹrin, ìkejì. Wọ́n gé e láìsí èmi níbẹ̀. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kejì ló mú un. Mo bá a lójú fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ìmọ́lẹ̀ kàn án. Oòrùn ni." Ó buwọ́ lù ú. Ó yí ìwé náà sí i, ó na bírò sí i. "Ẹ buwọ́ lù ú, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni méjì ni."

Kò sí ẹlòmíràn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn méjì péré ni, ó sì ní "ẹ". Ọkùnrin náà gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní, "Ìyá, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀." Kò gba bírò.

Obìnrin náà ki ìwé rẹ̀ bọ abíyá, ó kúrò níbẹ̀. Ọ́fíìsì ilé gbígbé ló kọ́kọ́ lọ. Akọ̀wé kan fi sùúrù gbọ́ ọ, ó ṣí àbájáde náà, ó wá orúkọ rẹ̀ níwájú, ó wá a lẹ́yìn.

"Màmá, orúkọ yín ò sí níbí. Kí lẹ jẹ́ nínú iṣẹ́ yìí?"

"Èmi ni òṣìṣẹ́ tó wà lójú ìwé kẹrìnlá."

Akọ̀wé náà ṣí i. "Áà. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kàn án." Kò fi ìkà sọ ọ́. Ó ní kí obìnrin náà kọ ẹjọ́ rẹ̀ sórí tákàdá kan, ó gbà á, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó sì gbé e sábẹ́ àwọn ìwé mìíràn.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tó dé pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, olúkúlùkù ń wọn ilẹ̀ tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ ti gbá èèkàn mẹ́jọ mọ́lẹ̀, wọ́n ti ta okùn sí mẹ́fà lára wọn, pálọ̀ ti hàn, yàrá àwọn ọmọ ti hàn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bó ṣe rí, àtorí ọdún méjìlélọ́gọ́ta títí dórí ojú fèrèsé. Ó jẹ́wọ́ pé òun ti mọ̀ kí àbájáde tó jáde, pé wọ́n ní kí òun má sọ ni. Ọkọ ọmọ rẹ̀ tẹjú mọ́lẹ̀. Ọmọ rẹ̀ di òòlù mú.

Ọmọ ní, "Màámi, ẹ wò ó. Ó ti rẹ̀ wá láti máa háyà ilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ báyìí, ẹ sọ báyìí. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà ní yàrá yẹn. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ kò wọlé lóòótọ́, tí ẹ kò sì mọ̀?"

Ìyá fa ìwé ńlá rẹ̀ yọ lábẹ́ abíyá. Ohun tó ní láyé kò ju ìwé náà lọ, ló bá nà án sí i. "Ojú ìwé rẹ̀ wà níwájú. Kà á fúnra rẹ."

Ọmọ gbà á. Ìwé náà tóbi, òòlù sì ń dí i lọ́wọ́, ó gbé òòlù sílẹ̀. Bó ṣe ń wá ojú ìwé náà, ibi tí okùn pupa wà ni ìwé ṣí sí. Ìyá rí i, ó na ọwọ́ láti gbà á, ṣùgbọ́n ọmọ ti rí ọjọ́ tó wà lókè ojú ìwé. Kò sẹ́ni tó lè kọ ọjọ́ yẹn kí ó má dá a mọ̀.

Ó kà á jẹ́jẹ́. "Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìkànkùn. Ọmọ mi ni. Mo bo iyanrìn. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo jáde. Ìmọ́lẹ̀ kò kàn án."

Ó fi ìka tọ àwọn ìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn aládùúgbò ọ̀la ń gbá èèkàn lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

"Ìṣẹ́jú mọ́kànlá," ni ó wí. "Aago ògiri kan wà níbẹ̀. Mo kà á. Mo ti ń sọ fún ara mi láti kékeré pé kò lè jẹ́ mọ́kànlá, pé ojú ọmọdé ló sọ ọ́ di púpọ̀."

"Mọ́kànlá ni," ni ìyá wí. "Mi ò mọ̀ pé bàbá rẹ ni. Dárí jì mí."

Ọmọ fi okùn pupa há ojú ìwé náà padà. Ó pa ìwé náà dé, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí kò ṣílẹ̀kùn fún mi lọ́jọ́ yẹn, ṣé ìmọ́lẹ̀ ló máa wá ṣí i fún lórí páìpù kẹrin?" Bí ẹni ń bínú ló ṣe sọ ọ́, ó sì ń bínú lóòótọ́, ìbínú ọdún méjìdínlógún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di èèkàn àkọ́kọ́ mú, ó mì í, ó fà á tu.

Màmá Òkùnkùn dúró síbẹ̀. Ó ti ń wá ẹlẹ́rìí láti àárọ̀, kò mọ̀ pé ohun tó ṣẹ ọmọ rẹ̀ jù láyé ni yóò jẹ́rìí gbè é. Ojú ìwé kẹrìnlá ṣì wà bó ṣe wà. Wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ tì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta láìsí ẹni tó kí i pé ó ṣeun, ẹ̀rọ tuntun dé, Ọ̀jọ̀gbọ́n ló gé rìbọ́ọ̀nù. Irínwó ilé dín ẹyọ kan ni wọ́n kọ́ sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà, àwọn tó ń gbé inú wọn sì ń wo ojú ọ̀run bí gbogbo ènìyàn ṣe ń wò ó.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọmọ rẹ̀ fa èèkàn kejì tu, ó fa ẹ̀kẹta, ó wá gbójú sókè nínú yàrá àwọn ọmọ tí kò sí mọ́.

"Màámi, ẹ bá mi di etí okùn yìí mú, kí n lè ká a."

Ìyá di í mú.